Omi Tó Mọ́ Jù

Ọ̀sán gangan ni òkú inú ilé yìí máa ń ṣiṣẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ bí Ìyá Pẹ̀lẹ́ nínú nìyẹn. Gbogbo iwin tí wọ́n ti wá fi sùn ún láti ìgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, òkùnkùn ni wọ́n ń bá rìn. Èyí ń dúró kí oòrùn dé àtàrí, kí àdúgbò pa lọ́lọ́, kó tó gbọ́wọ́ lé iṣẹ́.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tó lọ sí yàrá iṣẹ́ olóògbé: òun, Sájẹ́ǹtì rẹ̀, àti opó ilé. Atúnagogoṣe ni olóògbé nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi agogo pè é. Bàbá Fóltì ni wọ́n ń pè é, nítorí àwọn ẹ̀rọ kékeré tí kò ju àtàǹpàkò lọ, èyí tí wọ́n ń fi sínú ọkọ̀ ojú omi ìṣeré kó lè máa sáré. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kọ ọ́ sí i lára pé iná fóltì mẹ́fà ni kí wọ́n fún un. Bàbá Fóltì a fún un ní méjìlá. Tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ìṣeré díje bá pàdé létí adágún, ọkọ̀ tirẹ̀ a ré kọjá ti àwọn yòókù bí ẹni tí wọ́n fi pàṣán lé.

Ó ti kú báyìí. Wọ́n bá a nílẹ̀ yàrá iṣẹ́ rẹ̀, èéfín kún gbogbo ibẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan jóná mọ́ orí tábìlì, wọ́n sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti ìta. Ìyàwó rẹ̀ ló tì í. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ kò jiyàn. Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá sì ti búra pé bí ilẹ̀ ọ̀tunla bá mọ́, ilé ẹjọ́ ni òun yóò gbé e lọ.

"Ẹ dákẹ́," ni opó wí. "Ó ti dé."

Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bí ẹ̀fọn létí ẹni tó fẹ́ sùn. Ó ga. Ó tún ga sí i, títí ó fi di igbe tín-ín-rín tó ń wọ ni léyín. Lẹ́yìn náà ó wúkọ́, ó fa ọ̀fun rẹ̀ nílẹ̀ gaaraga, ó sì dákẹ́. Òórùn wáyà tó jóná yọ́ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gá," ni Sájẹ́ǹtì wí, "ẹ jẹ́ ká lọ pe àwọn yòókù wá."

"Àwọn yòókù wo?"

"Ẹnikẹ́ni."

"Ẹ ṣí ilẹ̀kùn."

Sájẹ́ǹtì mú kọ́kọ́rọ́ àgádágodo jáde, ó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú un nílẹ̀, ó tún bọ́.

"Àgbà ọlọ́pàá tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, kọ́kọ́rọ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ọ̀gá, nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́, wọn ò sọ pé òkú wà níbẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, kò sí ẹnì kan nínú yàrá. Ìdajì tábìlì ti dú, ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà dú dé àjà. Lórí ìdajì tí iná kò jó, ẹ̀rọ kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń yọ èéfín fẹ́ẹ́rẹ́. Ìyá Pẹ̀lẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó sì yára gbé e kúrò.

"Ó gbóná."

"Òun ló fọwọ́ kàn án," ni opó wí láti ẹnu ọ̀nà. Kò tíì wọ yàrá náà láti ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀. "Ọkọ mi ni."

"Ìyá mi, pẹ̀lẹ́. Ohun tí òkú bá fọwọ́ kàn, ṣe ló yẹ kó tutù."

Ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá nìyẹn. Àwọn tó ti kó sẹ́wọ̀n máa ń sọ pé bó bá kí èèyàn ní pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àánú ló ṣe é. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, kí olúwarẹ̀ ronú. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú fún ṣẹkẹṣẹkẹ.

Ó lọ sídìí fèrèsé. Fèrèsé náà sún mọ́ ilẹ̀, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tóóró ló kọjú sí. Wọ́n pa á dé, ṣùgbọ́n wọn ò fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́. Eérú bo gbogbo ibi tí èèyàn lè gbé ìgbọ̀nwọ́ lé níbẹ̀, àfi àárín tó mọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, bí ibi tí èèyàn fi ìdí wọ́ kọjá.

"Òkú tó ń gba ojú fèrèsé," ni Sájẹ́ǹtì wí. Ara rẹ̀ ti ń balẹ̀.

Opó ò wo fèrèsé. Ẹ̀rọ tó ń yọ èéfín ló ń wò. "Ọwọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́," ni ó wí.

"Ọwọ́ ta ni?"

"Tirẹ̀. Nígbà tó wà láyé, ẹ̀rọ kì í kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Á ké díẹ̀, á sinmi, á tún ké. Láti ìgbà tó ti padà wá yìí, ńṣe ni wọ́n ń kú. Ojoojúmọ́. Mo máa ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mò ń gbọ́ bí ó ṣe ń pa wọ́n. Mo ní, á á, ikú ti gba ọwọ́ rẹ̀ náà."

Ohun tí obìnrin náà wí wọ Ìyá Pẹ̀lẹ́ lára ju igbe ẹ̀rọ lọ.

Nígbà náà ni opó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ojú rẹ̀ wà lórí tábìlì.

"Kí ni gíláàsì àlejò mi ń wá níbí?"

Gíláàsì kan dúró létí ibi tí iná jó dé, omi ò tó ìdajì nínú rẹ̀. Eérú léfòó lójú omi, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ mọ́ gaara.

"Láti ọjọ́ tí iná ti jó ló ti wà níbẹ̀," ni Sájẹ́ǹtì wí. "A ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé gíláàsì omi kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́."

"Gíláàsì omi, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ kì í ṣe èyí. Èyí wà fún àlejò. Èyí tó ń fi wẹ̀ wọ́n, ilé ìdáná ló wà."

"Ó ń fi wẹ kí ni?" ni Ìyá Pẹ̀lẹ́ bi í.

"Àwọn ẹ̀rọ. Bí ọmọ tuntun ni. Tó bá ra ọ̀kan, á rì í sínú omi, á so bátìrì kékeré kan mọ́ ọn, á máa yí jẹ́jẹ́ lábẹ́ omi. Ó ní nǹkan dúdú méjì wà nínú wọn, bí ẹnu pẹ́ńsù, kábọ̀n ló ń pè é, tó máa ń ha ibi tó ń yí. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ, kábọ̀n ò tíì bá ibẹ̀ mu, iná á máa ta pàràpàrà láàárín wọn. Inú omi yẹn ni wọ́n ti ń ha ara wọn títí wọ́n á fi mọwọ́ ara wọn. Lẹ́yìn ìwẹ̀, á nù ún gbẹ, á kán epo sí i, ìgbà yẹn ló tó lè jẹ méjìlá. Kò sí èyí tí kì í kọ́kọ́ wẹ̀."

"Omi yẹn ńkọ́?"

"Á dú bí omi èédú! Gíláàsì mi tó bà jẹ́ nìyẹn. Inú rẹ̀ dú títí, mo fi í sílẹ̀ fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kú, mo lọ mú un, mo ní kí n tún fi eérú ha á wò. Ilé ìdáná ló ṣì wà. N kò tíì lè fọwọ́ kàn án."

Ìyá Pẹ̀lẹ́ mú ẹ̀rọ tó jóná lọ́jọ́ ìṣẹ̀lẹ̀, ó fi ọ̀bẹ tú ìdí rẹ̀. Kábọ̀n méjèèjì wà níbẹ̀, orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé wọn. Ó tú òmíràn láti inú ọkọ̀ ìṣeré tó wà lórí pẹpẹ. Orí ti ìyẹn ti jẹ wọnú bí ẹ̀yìn ṣíbí tí a yí padà. Ó gbé wọn sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀.

Lẹ́yìn náà ó ní kí opó bá òun wá omi tútù mu.

*

Ilé ìdáná náà kéré, ó sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn á fi máa ṣọ́ ibi tó ń tẹ̀. Gíláàsì dúdú wà létí àgbá omi lóòótọ́.

"Ẹ sọ ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà fún mi," ni Ìyá Pẹ̀lẹ́ wí.

"Ṣé ẹ ò ti gbọ́ ọ? Mo tì í mọ́lé."

"Mo gbọ́ ti kọ́kọ́rọ́. Mi ò tíì gbọ́ èyí tó ṣáájú."

Obìnrin náà fi etí aṣọ nu ọwọ́ tí omi kò kàn. "Ó ti ṣèlérí pé a ó jọ jókòó jẹun lọ́jọ́ náà. Mo se oúnjẹ, oúnjẹ tutù. Mo tún un gbé kaná, ó tún tutù. Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo gbọ́ pé ó ń rìn nínú yàrá. Mi ò fẹ́ kí àdúgbò gbọ́, mo fi ẹnu sí ihò kọ́kọ́rọ́." Ó dúró. "Mo ní, 'Ẹ kúkú fẹ́ àwọn ẹ̀rọ yín. Kí ẹ jọ bímọ, kí ọmọ yín máa mu bátìrì.'"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ìyá Pẹ̀lẹ́, ó sì gbé e mì.

"Kí ló fi dá yín lóhùn?"

"Kò dáhùn. Ìyẹn ló bí mi nínú. Mo fi kọ́kọ́rọ́ tì í, mo ní kó sùn sọ́dọ̀ wọn. Mo lọ dùbúlẹ̀. Igbe Télọ̀, àbúrò ọkọ mi, ló jí mi. Ó ti já ilẹ̀kùn." Ohùn rẹ̀ ò yí padà. "Ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí i nìyẹn kó tó lọ. Tí ẹ bá fẹ́ gbé mi lọ, ẹ gbé mi. Ẹ̀yin lẹ ń wá ẹni tó pa á. Èmi mọ ohun tí mo wí."

"Ta lẹ ti sọ ọ̀rọ̀ ihò kọ́kọ́rọ́ yìí fún?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ irú ìyẹn fún? Ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́."

"Àlejò kankan ò sì wá lọ́jọ́ náà?"

"Kò sí. Ọkọ mi wá bu omi lẹ́yìn mi nírọ̀lẹ́, mo rò pé òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́ ni. N kò wo ohun tó fi bù ú."

*

"Sájẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ ká jọ rò ó," ni Ìyá Pẹ̀lẹ́ wí nígbà tí wọ́n dé ìta. "Ọkùnrin tí kò jẹ́ fún ẹ̀rọ ní fóltì méjìlá láìkọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ tó jóná ò wẹ̀ rárá, orí kábọ̀n rẹ̀ ò tíì jẹ wọnú. Ta ló so ó mọ́ bátìrì?"

"Kì í ṣe òun."

"Dókítà tó yẹ òkú wò sọ pé kò sí èéfín lọ́fun rẹ̀, pé ẹ̀yìn orí rẹ̀ fọ́. Ọ̀gá àgọ́ ní èéfín ló kọ́ ọ lójú tó fi ṣubú. Ẹni tí èéfín kọ́ lójú, ṣé kò ní fà á símú ni?"

"Ó ti kú kí iná tó ràn."

"Ó sì fi gíláàsì àlejò bu omi. Èèyàn kì í fi gíláàsì àlejò bu omi fún ara rẹ̀. Ẹni tó wá náà ò gba iwájú ilé. Mo gbọ́ pé ìka ọwọ́ Télọ̀ jóná, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Ẹ̀gbẹ́ ilé náà gan-an ni ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ wà. Òun ló ń pariwo kiri pé ìyàwó àwọn ló sun ẹ̀gbọ́n òun. Ìka rẹ̀ wà nínú báńdéèjì, ó sì ń tiraka láti fi í di abẹ́rẹ́ mú.

"Áyọ́ọ̀nù ló jó mi," ni ó wí kí wọ́n tó bi í.

"Áyọ́ọ̀nù tó jó orí ìka ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣé ẹ gbá a mọ́ra ni?"

Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín. Télọ̀ ò rẹ́rìn-ín.

"Pẹ̀lẹ́," ni Ìyá Pẹ̀lẹ́ wí.

Òógùn bo imú Télọ̀. "Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀ sí mi, ẹ jọ̀ọ́. Mo gbọ́ òórùn iná, mo já ilẹ̀kùn. Lóòótọ́ ni. Iná ti ń jó dé ìdí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó máa ń gba ipò kìíní. Mo gbé e. Ìdí rẹ̀ irin ni, ó ti gbóná. Mo gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀." Ó tẹ orí ba. "Lẹ́yìn náà ni mo padà wá gbé e. Ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé ó ń sùn nílẹ̀ ni! Ó máa ń sùn síbẹ̀. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé ọkọ̀ ìṣeré ni mo kọ́kọ́ gbé?"

"Ẹ wá ń dá ìyàwó ilé lẹ́bi kí ẹnikẹ́ni má baà wo ọwọ́ yín."

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Télọ̀.

"Nígbà tí ẹ wọlé, fèrèsé ńkọ́?"

"Ó wà ní pípadé."

"Ta ló máa ń gba ojú fèrèsé yẹn wọlé?"

"Ta ló tún kù? Káfíńtà ni. Òun ló ń gbẹ́ ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á fi ẹ̀rọ sí i. Ìyàwó wa kì í fẹ́ rí i, ó ní ó ń fi kún wèrè ọkọ òun. Òun náà wá ń gba ẹ̀yìn wọlé bí ewúrẹ́."

*

Káfíńtà ń fá pákó nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èèyàn gíga ni, ó ti rù, ẹ̀wù rẹ̀ fẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn bí ẹ̀wù ẹni ẹlẹ́ni.

"Ẹ káàbọ̀, ìyá ọlọ́pàá. Ẹ jókòó, tí ẹ bá rí ibi tí kò ní gún yín."

"Mo ti jókòó sórí ohun tó gún mi jù báyìí lọ. Ìgbà wo lẹ rí Bàbá Fóltì kẹ́yìn?"

"Ní adágún, lọ́jọ́ ìsinmi tó ṣáájú. Ó nà wá bó ṣe máa ń nà wá. Ọkọ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi gbẹ́ ni, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pariwo." Ó fẹ́ kí ó dà bí àwàdà.

"Ẹ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kú?"

"Láéláé. Ṣé obìnrin ilé yẹn á jẹ́ kéèyàn wọlé ni? Obìnrin tó ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó kúkú fẹ́ ẹ̀rọ, kí wọ́n jọ bímọ, kí ọmọ máa mu bátìrì! Irú ẹnu wo nìyẹn?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Pẹ̀lẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ fọwọ́ gbá orúnkún. Ẹ̀rín tirẹ̀ pẹ́ ju ti Káfíńtà lọ. Ti Káfíńtà ti gbẹ lójijì, bí ẹni tó rántí nǹkan.

"Pẹ̀lẹ́, Káfíńtà. Ẹ̀dùn ọ̀rẹ́ kì í tètè lọ. Ìgbà wo ni obìnrin náà sọ bẹ́ẹ̀?"

"Hẹ̀n... ó máa ń sọ ọ́. Ó máa ń sọ ọ́ ṣáá."

Láàárín ẹ̀ẹ́rún pákó tó wà nílẹ̀, àwọn ẹ̀rọ kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti jóná, wọ́n dà sílẹ̀ bí òkú kòkòrò. Ìyá Pẹ̀lẹ́ fi ẹsẹ̀ yí ọ̀kan padà. Káfíńtà ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀bẹ ìfági dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi náà ń gbìyànjú," ni ó wí. "Èwo ni tèèwọ̀?"

"Kò sí tèèwọ̀. Pẹ̀lẹ́ o."

Lójú pópó, Sájẹ́ǹtì ò lè mú un mọ́ra. "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ihò kọ́kọ́rọ́ nìyẹn! Ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nìkan ló lè gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká padà mú un!"

"Á ní Télọ̀ ló sọ fún òun. Á ní ojú àlá ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu kan sí ọ̀rọ̀ ẹnu kan, opó náà ni wọ́n á gbé lọ." Ó ń fi ọwọ́ nu ẹ̀ẹ́rún kúrò lára aṣọ. "Ẹ jẹ́ kí òkú fúnra rẹ̀ mú un. Ó mọ àsìkò rẹ̀."

*

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Pẹ̀lẹ́ nìkan ló wà nínú yàrá iṣẹ́ náà nígbà tí ọ̀sán pọ́n. Ó jókòó sórí àpótí kan ní igun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Sájẹ́ǹtì sá pa mọ́ sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Opó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó máa ń wà.

Yàrá náà ń rùn ti eérú àti epo. Àwọn agogo tí àwọn oníbàárà ò tíì wá gbà wà lára ògiri, kò sí èyí tó ń rìn nínú wọn. Lórí ìtì igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, fáìsì ńlá wà níbẹ̀, irin tí olóògbé fi ń di nǹkan mú pinpin. Ó wò ó. Ibi tó ga dé bá ẹ̀yìn orí ọkùnrin tó bá ṣubú sẹ́yìn mu. Kò sẹ́ni tó máa jókòó síbẹ̀ pẹ́ tí kò ní máa retí kí ẹnì kan fọwọ́ kàn án léjìká.

Fèrèsé ṣí. Káfíńtà gbé ẹsẹ̀ gíga rẹ̀ kọjá, lẹ́yìn náà ìkejì, ó sì gbé bátìrì kan wọlé nínú àpò.

"Mo ti dé o," ni ó wí jẹ́jẹ́.

Ìyá Pẹ̀lẹ́ rò pé ó ti rí òun. Kò rí i. Àga tó ṣófo níwájú tábìlì ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Má bínú, àná ò dáa. Ó ku méjì péré nínú àwọn ẹ̀rọ rẹ. Jẹ́ n ṣe é bó o ṣe ń ṣe é." Ó so wáyà, ó fi wáyà kan ẹnu bátìrì.

Igbe náà dìde. Nínú yàrá kékeré, kò ṣe é gbọ́ sétí. Àwọn gíláàsì ojú agogo lára ògiri ń gbọ̀n. Iná búlúù ń ta nídìí ẹ̀rọ. Ó ké, ó ké, ó wúkọ́, ó kú.

Káfíńtà gbé iwájú orí lé tábìlì tó jóná. "Kí ni mò ń ṣe tí kò tọ́?" ni ó bi àga náà. "Sọ fún mi. Ìwọ sáà ti kú. Kí lo tún fẹ́ fi àṣírí náà ṣe?"

Ìyá Pẹ̀lẹ́ ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn, kò tíì mú ẹni tó ń bẹ ẹni tó pa báyìí rí. Ó fún un láyè díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́.

"Pẹ̀lẹ́, Káfíńtà."

Kò sá. Ó kàn gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sórí àga, kó tó rí ẹni tó sọ̀rọ̀.

"Ilé tèmi ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń kú," ni ó wí. "Mo rò pé níbí, wọ́n á yè. Mo rò pé yàrá yìí ló mọ̀ ọ́n."

"Kí lẹ bi í lọ́jọ́ náà?"

"Ohun tí mo ti ń bi í láti ọdún gbọọrọ. Kí lo ń ṣe fún wọn tí wọn kì í jóná? Ọ̀rẹ́ mi ni o! Ọwọ́ mi ló ń gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ó bu omi fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ṣe ni kó o wẹ̀ wọ́n.' Ìgbà gbogbo tí mo bá bi í, ohun tó ń wí nìyẹn. Wẹ̀ wọ́n! Bí ẹni tó ń bá òpònú sọ̀rọ̀. Mo tì í. Mi ò tì í kó kú. Orí rẹ̀ bá irin yẹn. Mo gbé etí lé àyà rẹ̀, kò dún. Mo ń rìn kiri nínú yàrá, mo ń wá ibi tí mo máa gbé ara mi sí, ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ ní ihò kọ́kọ́rọ́, ó sì tì wá mọ́lé, èmi àti òkú. Mo ní, gbogbo ayé mọ̀ pé fóltì méjìlá ló ń fi ṣeré. Mo so ẹ̀rọ, mo kó bébà sí i nídìí. Mo fi omi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí omi kì í kúrò níbẹ̀."

"Omi yẹn mọ́ jù."

Kò yé e. Ilẹ̀kùn ló ṣí, tí opó sì dúró síbẹ̀.

"Ó sọ fún ẹ," ni obìnrin náà wí. Kò pariwo. "Wọ́n ń wẹ̀ wọ́n lóòótọ́. Nínú omi. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń fi ẹ́ ṣe, bó ṣe ń ṣe é náà nìyẹn. Gbogbo ìgbà tó o bi í, ó sọ fún ẹ. Ìwọ tó ń gba ojú fèrèsé mi wọlé, ṣé o ò lè bi mí? Èmi ni mò ń da omi náà nù!"

Káfíńtà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú sí. Nígbà tí Sájẹ́ǹtì gba ojú fèrèsé wọlé pẹ̀lú ṣẹkẹṣẹkẹ, ó na ọwọ́ fún un bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ bọ́ ẹ̀wù lára rẹ̀.

*

Lẹ́yìn tí wọ́n ti mú un lọ, Télọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pe ìyàwó wọn ní ìyá, ó ń bẹ̀bẹ̀. Obìnrin náà ní kó dìde kó lọ tọ́jú ọwọ́ rẹ̀. Kò bá a jà, kò sì rẹ́rìn-ín sí i.

Ìyá Pẹ̀lẹ́ ń múra àtilọ. "Ẹjọ́ ti tán lára yín, ìyá mi. Kọ́kọ́rọ́ yín ò ṣe nǹkan kan."

"Mo gbọ́." Opó ò dìde. "Ó ní òun gbé etí lé àyà rẹ̀, kò dún."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà náà sọ bẹ́ẹ̀, pé kò tún mí lẹ́yìn tí orí rẹ̀ gbá irin."

"Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó dé ihò kọ́kọ́rọ́."

"Lẹ́yìn ìyẹn ni."

"Ẹsẹ̀ tí mo gbọ́ nígbà náà, kì í ṣe tirẹ̀."

"Kì í ṣe tirẹ̀."

Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di etí àga mú. "Kò gbọ́ mi, àbí?"

Ìyá Pẹ̀lẹ́ wá mọ ohun tó ti ń jẹ obìnrin náà láti ọjọ́ yìí, pé kì í ṣe ilé ẹjọ́, kì í sì ṣe iwin.

"Kò gbọ́ yín. Kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀."

Opó mí kanlẹ̀. Omijé ń wálẹ̀, kò nù ún.

"Nígbà tó wá bu omi," ni ó wí, "inú ń bí mi, mi ò fẹ́ yíjú sí i. Nígbà tó ń jáde ni mo rí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní, 'Ẹ̀wù yín, òdì lẹ wọ̀ ọ́.' Ó ní, 'Ta ló fẹ́ wò mí?'"

"Kí lẹ wá wí?"

"Mo ní, 'Èmi.'"